Ohùn Tí Wọ́n Yọ Kúrò Lórí Ọ̀rọ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ẹkúndayọ̀ Ògúnṣakin. Òǹkọ̀wé ni. Wọ́n fi ìyà tí kò tọ́ sí i jẹ ẹ́ ní ọdún tí ìjọba ìbílẹ̀ pín ilẹ̀ ẹ̀yìn òkè sí pulọ́ọ̀tì, tí wọ́n sì ń tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́lé. Ọdún yẹn náà ni ìwé rẹ̀ ìkẹyìn jáde. Àwọn tó fìyà jẹ ẹ́ kò lù ú, wọn kò sì tì í mọ́lé. Àmì orí ọ̀rọ̀ ni wọ́n yọ.

Kí ó tó di ọdún yẹn, kò sí ilé tí wọn kò ti mọ orúkọ rẹ̀. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ń ka ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Agbára Ọmọ Òkè. Ìtàn òmìrán kan ni, tí òkè bí, tó ń gbé ẹrù àwọn ará ìlú kọjá láàárín àwọn òkè mìíràn tó máa ń sún kiri bí agbo màlúù. Orúkọ òmìrán náà ni Agbára. Bí ó bá sín, òrùlé á ṣí. Bí ebi bá ń pa á, á bu kùùkùu ojú ọ̀run, á fi jẹ iyán. Àwọn awakọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Bí bàbá kan bá gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká, á ní, "Agbára dé o!" Ọmọ náà á sì dáhùn pé, "Ẹ gbé ẹrù yín wá!"

Obìnrin kan wà nínú àwọn ọmọ tó dáhùn bẹ́ẹ̀ lórí èjìká bàbá wọn. Nígbà tó dàgbà, ó di akàwé ní ilé iṣẹ́ rédíò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ka ìwé ìtàn lọ́sàn-án, ní àkókò tí àwọn télọ̀ àti àwọn onídìrí bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n tan rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn dídára ló jẹ́ kí wọ́n gbà á. Wọ́n gbà á nítorí pé kì í ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ẹni tó ń kàwé fún ara rẹ̀ lè fojú fo ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Ẹni tó ń kà á sí gbangba kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi ohùn kan sí i, kí ó sì dúró lẹ́yìn ohùn náà.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ilé ìtẹ̀wé tó ni gbogbo ìwé òǹkọ̀wé náà fẹ́ kó wọn jọ, kí wọ́n tún wọn tẹ̀, kí wọ́n sì fi yẹ́ bàbá náà sí nígbà tó ṣì wà láàyè. Wọ́n ra àkókò lórí rédíò, wọ́n ní kí wọ́n máa kà díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé náà fún àwọn ènìyàn. Wọ́n kó gbogbo wọn fún akàwé. Ẹni tó kó wọn wá sọ fún un pé, "Àǹtí, èyí tí Agbára wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ gbájú mọ́. Àwọn tó kù yẹn, a kàn fi kún un ni."

Akàwé kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé. Ó fẹ́ tún wọn kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Agbára Ọmọ Òkè ṣì dùn. Nígbà tó dé ibi tí òmìrán ń fi kùùkùu jẹ iyán, ó rẹ́rìn-ín sókè bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ó rí ohun tí kò rí nígbà tó wà ní kékeré. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Agbára pé rárá, Agbára á jókòó lé ilé onítọ̀hún lórí títí yóò fi gbà, ìwé náà á sì kà á sí àwàdà. Àwọn obìnrin inú rẹ̀ kò ṣe ohunkóhun ju kí wọ́n gúnyán fún òmìrán lọ. Akàwé pa ìwé náà dé, ojú sì tì í díẹ̀, bí ojú ṣe ń ti ènìyàn nígbà tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan bá ń sọ̀sọkúsọ níwájú àlejò. Síbẹ̀ ó fẹ́ràn rẹ̀.

Ó mú èkejì, Ìlú Tí Òjìji Ń Jọba. Èyí kò dára. Àwọn òjìji ń rojọ́ ní kóòtù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹjọ́ náà kò sì parí. Ó sùn lé e lórí.

Lẹ́yìn náà ló mú Ìyàwó Òṣùmàrè. Kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ìtàn obìnrin kan ni, tó ń ta igi ìdáná, tó sì fẹ́ òṣùmàrè ṣọkọ. Bí òjò kò bá rọ̀, kò ní fojú kan ọkọ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, igi rẹ̀ á tutù, ebi á pa á. Akàwé kà á tán láìdìde. Ó dára ju Agbára Ọmọ Òkè lọ, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó sọ fún un pé àwọn ìwé tó tẹ̀lé èyí àkọ́kọ́ kò dára. Kò rántí ẹnì kankan. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe ìwé náà ni pé Agbára kò sí nínú rẹ̀.

Ó wá ku ẹyọ kan, ìwé ìkẹyìn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ báyìí: Oju Agbara.

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ nípa ìwé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kà á parí kò pọ̀. Ayàwòrán ilé ìtẹ̀wé ya òmìrán kan sí èèpo rẹ̀, ó kọ́ ilé púpọ̀ sínú ẹyinjú rẹ̀, ó sì so ewúrẹ́ kan mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ọpọlọ òǹkọ̀wé náà ti gbó, pé ó ti gba Agbára lọ́wọ́ àwọn ọmọdé, ó ti sọ ọ́ di ẹranko tó ń pa ènìyàn. Ní ilé ẹ̀kọ́, bí ọmọ kan bá kọ àròkọ tí kò nítumọ̀, olùkọ́ á ní, "Ìwọ yìí, o tún ti lọ kọ́lé sójú Agbára." Gbogbo kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan wà tí kò fi ìwé náà ṣẹlẹ́yà. Bàbá akàwé ni. Ó fẹ́ràn Agbára débi pé kò lè gbà pé ohun kan lè burú nípa rẹ̀. Nígbà tó ra pulọ́ọ̀tì ní ẹ̀yìn òkè, tó kọ́lé síbẹ̀, ó ní kí wẹ́ńdà fi irin kọ orúkọ ilé náà sára géètì: OJU AGBARA. Ó ní Agbára ni yóò máa fojú ṣọ́ ilé òun. Àwọn aládùúgbò fẹ́ràn orúkọ náà. Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í fi pe ibẹ̀, kò sì pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń jẹ́ Ojú Agbára.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òjò kan rọ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Omi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó gba àárín àdúgbò náà, ó kó ilé lọ, ó sì kó ènìyàn lọ. Ó kó Mopélọ́lá lọ, àbúrò bàbá akàwé, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Mopélọ́lá ti jáde tẹ́lẹ̀, ó padà wọlé láti kó aṣọ oníbàárà. Géètì nìkan ni wọ́n bá lọ́jọ́ kejì, ó wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orúkọ ilé náà sì wà lára rẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí akàwé fi ìwé yìí sí ìkẹyìn. Kò fẹ́ rí orúkọ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́, ó gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kí ó fi dánra wò.

Ẹni tó máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ àgbà ọkùnrin kan tó fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì, tí kò lè ṣe kí ó má ṣàwàdà. Ìyá Ìwé ló máa ń pè é.

Akàwé ṣí ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀: "Agbára ń bọ̀ láti orí òkè. Kò ní ẹnu tí a lè bá sọ̀rọ̀. Kò ní etí tí a lè fi ẹ̀bẹ̀ sí." Ó dúró.

"Kí ló dé?"

"Bọ̀dá, Agbára ní ẹnu. Kí ló fi ń jẹ iyán nínú ìwé àkọ́kọ́?"

"Bóyá eyín ti ká tán. Kò sẹ́ni tí kò ní í dàgbà. Ìyá Ìwé, ẹ máa kà á jàre, iná lè lọ."

Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Agbára kì í sí nílé. Ọ̀nà rẹ̀ nìkan là ń rí, tó gbẹ, tó kún fún iyanrìn. Àjèjì á wò ó, á ní ilẹ̀ òfìfo ni." Ó tún dúró. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó ti ka ìwé fún ọdún púpọ̀, ó mọ ìgbà tí gbólóhùn kan bá ní ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀, bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń mọ bàtà ẹlòmíràn.

"Ẹ ń ka ìwé ni àbí ẹ ń yọ egungun ẹja?" ni àgbà náà wí.

Akàwé gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà: "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgbàrá kì í sí nílé."

Agbára ni ohun tí òmìrán ní. Àgbàrá ni omi òjò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ipá. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Bí a bá yọ àmì orí wọn, kò sí ẹni tó lè fi ojú nìkan mọ èyí tó wà níbẹ̀, àfi kí ó fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí gbólóhùn náà ń sọ. Àwọn tó ka ìwé náà kò fara balẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ràn òmìrán kan láti kékeré, wọ́n rí orúkọ tó jọ tirẹ̀, wọ́n sì kí i káàbọ̀.

Akàwé yára ṣí ojú ewé títí ó fi dé ibi tí gbogbo ìlú ti ń rẹ́rìn-ín. Báyìí ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́: Wọn kọle si oju agbara. Ó kà á sókè: "Wọ́n kọ́lé sí ojú àgbàrá."

Ojú àgbàrá. Ọ̀nà tí omi ń gbà. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹyinjú òmìrán kankan níbẹ̀.

Àgbà náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó ka gbogbo ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, sókè, àgbà náà sì jókòó, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀. Kì í ṣe ìwé aláìnírònú. Nínú rẹ̀, àgbàrá jẹ́ arìnrìn-àjò tó máa ń lọ sí òkun lọ́dọọdún láti lọ kí ìyá rẹ̀, tó sì máa ń gba ọ̀nà kan náà padà nígbà òjò. Nígbà tó wà lájò, àwọn ìjòyè ìlú pàdé, wọ́n sì ta ọ̀nà rẹ̀. Àwọn tó rà á kò mọ ẹni tó ni ín. Àwọn tó tà á mọ̀. Òkè méjì wà nínú ìwé náà, àti òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn obìnrin ń sá ẹ̀gẹ́ sí, àti igi ọ̀sán kan ní bèbè. Akàwé mọ òkúta náà. Ó ti jókòó lé e lórí rí. Ẹ̀yìn ilé wọn ló wà.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí ilé òǹkọ̀wé. Ó bá a ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gé èékánná fún un.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán o. Bó bá ṣe Agbára lo wá wò, ó ti jáde." Bàbá náà kò gbójú sókè. "Gbogbo ẹni tó bá ya ibí, òun ni wọ́n ń béèrè. Ó jẹ iyán mi tán, ó tún gba àlejò mi."

"Rárá o, Bàbá. Nítorí àgbàrá ni mo ṣe wá."

Bàbá náà fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Kí lo pè é?"

"Àgbàrá, sà."

"Tún un pè." Ó tún un pè. Bàbá náà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ohun tí obìnrin yìí pè é? Ṣé etí mi kọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí.

Òǹkọ̀wé wá sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà níbi gbogbo tó wà. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ìgbà náà ní àmì ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n." Nígbà tí òǹkọ̀wé rí àwòrán orí èèpo, ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n sì sọ fún un pé Agbára ló ń tajà. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó ní ìwé omi ni òun kọ. Wọ́n rò pé ó ń dápàárá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní kí ó sọ ti kùùkùu àti iyán. Nígbà tí omi wá kó àwọn ènìyàn lọ, kò lọ sí ibì kankan mọ́.

Akàwé bi í nípa ìwé àkọ́kọ́, nípa òmìrán tó ń jókòó lé ilé àwọn ènìyàn.

"Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà," ni bàbá náà wí. "Mo rò pé kí a sáà ti rí ẹni tó lágbára tí yóò gbé wa. N kò béèrè ibi tó ń gbé wa lọ. Ìgbà tí mo béèrè ni ẹ ní ọpọlọ mi ti gbó."

"Kí lẹ fẹ́ báyìí, Bàbá?"

"Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Kí n rí i kí n tó kú. Ẹ lè gbé ìyókù fún Agbára."

Akàwé dé ọ̀dọ̀ bàbá tirẹ̀ kí ó tó lọ sí ibòmíràn. Bàbá náà ń gbé ní yàrá àyágbé ní ìgboro láti ìgbà tí omi ti gbé ilé rẹ̀. Ó ka gbólóhùn náà sí i létí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gan-an.

Bàbá náà ní kí ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Òkúta ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Igi ọ̀sán yẹn náà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Mo ka ìwé yìí. Mo kà á kí n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo ní kí wọ́n fi irin kọ ọ́ sára géètì. Èmi fúnra mi ni mo mú lẹ́tà náà fún wẹ́ńdà." Kò sunkún. Nígbà tí akàwé dìde, ó ní, "Má tíì sọ fún ìyá rẹ."

Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ báyìí kì í ṣe ẹni àtijọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni àtijọ́ ni. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní kí wọ́n gbé mínírà tútù fún àlejò. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìdá a lẹ́nu.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín dùn púpọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, a lè fi sí ìwé ìròyìn wa."

"Sà, ìwé náà ni kí ẹ tẹ̀. Kí ẹ fi àmì sí i, kí ẹ yọ òmìrán kúrò lórí èèpo rẹ̀."

"Ìwé yẹn kò ní í sí nínú àkójọ náà mọ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé kò dára. A ń dáàbò bo orúkọ Bàbá ni."

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, sà."

Inú kò bí i. Ó ṣí àpótí, ó mú èèpo ìwé tuntun náà jáde, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí i. Àwòrán ilé funfun pọ̀ níbẹ̀, koríko tútù yí wọn ká, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà: ẸSÍTÉÈTÌ OJÚ AGBÁRA, ILẸ̀ TÓ TẸ́JÚ FÚN ẸNI TÓ FẸ́ GA. Wọ́n fi àmì sí i. Àmì tí wọn kò rí nígbà tí òǹkọ̀wé bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti rí i báyìí, wọ́n sì fi sí ibi tí kò yẹ.

"Àwọn tó tún ń ta ilẹ̀ ẹ̀yìn òkè yẹn ló ń gbọ́ bùkátà gbogbo rẹ̀," ni ọ̀gá náà wí. "Ìwé, gbọ̀ngàn, àkókò rédíò yín pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí mo bá tẹ ìwé kan tó ń jẹ́ Ojú Àgbàrá, ta ló máa lọ rà níbẹ̀?"

"Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà níbẹ̀."

"Ẹ mu mínírà yín, Àǹtí. Ẹ má sì ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o."

Akàwé padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àgbà náà sì gbà á sílẹ̀ láìṣàwàdà. Rédíò kò gbé e sáfẹ́fẹ́. Ní àkókò tó yẹ kí ó jáde, Agbára Ọmọ Òkè ni àwọn télọ̀ gbọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín níbi kùùkùu.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ àkójọ ìwé náà pé. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n wọ ọkùnrin kan ní aṣọ òmìrán, ó gun igi ẹsẹ̀ gíga, ó ń pín bàlúùnù fún àwọn ọmọdé tó ń kígbe pé, "Ẹ gbé ẹrù yín wá!" Òǹkọ̀wé jókòó lórí àga ńlá níwájú. Akàwé àti bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ jókòó ní ìlà kìn-ín-ní, alága ìjọba ìbílẹ̀ wà láàárín wọn.

Wọ́n yin òǹkọ̀wé títí, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un. Ó dìde, ọmọ rẹ̀ sì di apá rẹ̀ mú.

"Mo dúpẹ́. Ìwé kan kù níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi àmì sórí rẹ̀. Àgbàrá ni mo kọ. Àwọn tí ẹ ń ta ilẹ̀ fún, wọn kò mọ̀."

Olóòtú ètò rẹ́rìn-ín. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Bàbá wa! Àgbà òṣìṣẹ́ ọ̀rọ̀! Àwàdà wọn kì í tán!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá náà kò jókòó. Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, ó tún sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà. Olóòtú ètò fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni bàbá akàwé dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba, ó pariwo pé, "Ẹ dá a lóhùn!" Àwọn ènìyàn bojú wẹ̀yìn. Alága wo fóònù rẹ̀. Wọ́n tan orin.

Ìwọ tí a ṣe àkàwé yìí fún, má sọ pé ìwọ kọ́ lo yọ àmì náà. Òótọ́ ni, ìwọ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí o fẹ́ràn nígbà tó ń dá ọ lára yá, tó wá padà mú ọ̀rọ̀ tí kò dùn wá. Bàbá rẹ lè jẹ́, olùkọ́ rẹ lè jẹ́, àwọn tálákà tí o ń bá ṣeré nígbà ìdìbò lè jẹ́. Ohùn àná lo fi ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tòní. O kò gbọ́ ọ, o sì ní òun ni kò mọ̀ ọ́n sọ mọ́. Padà lọ síbi tó ti kọ ọ́. Kà á sókè. Níbi tí ẹnu rẹ bá ti kọ̀, dúró níbẹ̀, kí o má fojú fò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sì ṣàìgbọ́, tí ẹ mọ ohùn rẹ̀ dáadáa, tí ẹ sì dìídì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ọjà yín lè tà, ọ̀rọ̀ tiyín kò gùn. Lónìí, bí a ṣe ń sọ èyí, àwọn kan ń fi okùn wọn ilẹ̀ ní ẹ̀yìn òkè. Ẹnì kan ń san owó àsansílẹ̀. Ẹnì kan ń ronú orúkọ tí yóò kọ sára géètì. Ẹ tẹ ìwé náà. Ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ sọ fún àwọn tó ń ra ilẹ̀ náà ohun tó ń jẹ́.